Aago Ni Ọ̀gá: Ìtàn Bí Ẹ̀rọ Ṣe Ń Mọ Àkókò Tí Yóò Gbé Fídíò Jáde

 

Ìgbìmọ̀ tó ń ṣètò ọjọ́ òní ní kí n kọ ìtàn díẹ̀ sínú ìwé yìí, wọ́n sì fi yíyan kókó ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún mi. Mo mọ̀ pé ìtàn Odùduwà, ìtàn Ọ̀yọ́ Ilé àti ti ogun Kírìjì ni a sábà máa ń kà nínú irú ìwé báyìí, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àtúnṣe tẹlifíṣọ̀n àti fídíò ni mo fi ń jẹun ní ìlú yìí láti ìgbà tí kásẹ́ẹ̀tì ṣì lóde, ohun tí ènìyàn sì ń fọwọ́ kàn lójoojúmọ́ ni ó lè fẹnu sọ dáadáa. Ìdí kejì ni pé ẹgbẹ́ wa ń gbèrò láti gbé tẹlifíṣọ̀n ńlá kan kọ́ sí ara ògiri gbọ̀ngàn wa, kí ó máa fi àwọn àjọ̀dún wa àtijọ́ hàn ní àkókò tí a bá dá fún un, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni jókòó tì í. Láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ náà ti jáde ní ìpàdé ni àwọn ènìyàn ti ń bi mí pé, báwo ni ẹ̀rọ ṣe ń mọ̀ pé aago mẹ́rin ti lù? Ìbéèrè náà kéré lójú, ṣùgbọ́n ìtàn rẹ̀ gùn, apá kan nínú ìtàn náà sì ṣẹlẹ̀ ní ìlú tí a wà yìí gan-an.

Nígbà tí tẹlifíṣọ̀n bẹ̀rẹ̀, kò sí ohun tí à ń pè ní fídíò rárá. BBC bẹ̀rẹ̀ ètò rẹ̀ láti Alexandra Palace ní London ní ọjọ́ 2 oṣù kọkànlá ọdún 1936, ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n sì ń ṣe ohun gbogbo tí kì í bá ṣe fíìmù. Bí ìwé ètò bá sọ pé eré yóò bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́sàn-án, àwọn òṣèré gbọ́dọ̀ ti wọ aṣọ, kí wọ́n ti kun àtíkè, kí wọ́n sì ti dúró síwájú kámẹ́rà kí aago mẹ́sàn-án tó lù. Bí wọ́n bá fẹ́ tún eré náà ṣe fún àwọn tí kò rí i, àwọn òṣèré kan náà ni yóò padà wá ní ọjọ́ mìíràn láti ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ̀yin tí ẹ bá mọ eré alárìnjò, tí ẹ sì mọ bí Hubert Ogunde ṣe ń kó àwọn òṣèré rẹ̀ láti ìlú dé ìlú, ọ̀rọ̀ yìí kò ní ṣàjèjì sí yín. Eré tí wọ́n ṣe ní Òṣogbo lánàá kọ́ ni eré tí wọ́n ṣe ní Iléṣà lónìí, bí orúkọ wọn tilẹ̀ jẹ́ ọ̀kan náà.

Fíìmù nìkan ni ó ṣeé tọ́jú pamọ́. Amẹ́ríkà ni ọ̀rọ̀ yìí sì ti kọ́kọ́ di wàhálà ńlá, nítorí pé ilẹ̀ wọn fẹ̀. Bí aago méje alẹ́ bá lù ní New York, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni ní Los Angeles. Ìròyìn tí ará New York ń wò nídìí oúnjẹ alẹ́ yóò bá ará Los Angeles lẹ́nu iṣẹ́. Kí ni wọ́n wá ṣe? Wọ́n gbé kámẹ́rà fíìmù síwájú ojú tẹlifíṣọ̀n, wọ́n ya àwòrán tó ń jáde níbẹ̀, wọ́n sáré fọ fíìmù náà, wọ́n sì gbé e jáde fún àwọn ará ìwọ̀ oòrùn lẹ́yìn wákàtí mẹ́ta. Àwòrán náà máa ń ṣú, fíìmù tí wọ́n fi ń ṣe é sì ń jẹ owó bí iná ṣe ń jẹ koríko.

Ilé iṣẹ́ Ampex ní Redwood City, ní California, ni ó wá ojútùú sí i. Charles Ginsburg ni ó ṣáájú àwọn òṣìṣẹ́ náà, ọ̀kan nínú wọn sì ni Ray Dolby, ọ̀dọ́mọkùnrin tí gbogbo ayé wá mọ orúkọ rẹ̀ lẹ́yìn náà nítorí ohùn inú sinimá. Ìṣòro wọn ni pé bí wọ́n bá fa tépù kọjá níwájú orí ẹ̀rọ bí a ti ń ṣe fún ohùn lásán, tépù náà yóò ní láti sáré ju ohun tí ẹ̀rọ lè fara dà lọ. Ni wọ́n bá fi orí mẹ́rin sára àgbá kékeré kan tó ń yí ní ìgbà 14,400 láàárín ìṣẹ́jú kan. Àgbá yìí ń fín àwòrán sí ìbú tépù tó fẹ̀ tó íǹṣì 2, tépù fúnra rẹ̀ sì ń rọra lọ ní íǹṣì 15 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ẹ ṣírò rẹ̀: eré wákàtí kan gba tépù tó gùn tó 4,500 ẹsẹ̀ bàtà. Wọ́n fi ẹ̀rọ náà han ayé ní Chicago ní ọjọ́ 14 oṣù kẹrin ọdún 1956, iye rẹ̀ sì tó nǹkan bíi 50,000 dọ́là. Ní ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá ọdún yẹn kan náà, CBS fi gba ìròyìn tí Douglas Edwards kà ní New York, wọ́n sì gbé e jáde fún àwọn ará ìwọ̀ oòrùn nígbà tí àkókò tiwọn tó. Lójú tèmi, ọjọ́ yẹn gan-an ni a bí ohun tí à ń sọ yìí, pé kí àwòrán jókòó síbì kan, kí ó máa dúró de aago.

Àwọn òṣìṣẹ́ ìgbà náà mọ ohun kan tí àwọn tó ń lo ẹ̀rọ lónìí kò mọ̀ mọ́. Ẹ̀rọ tépù kì í mú eré lójijì. Bí o bá tẹ bọ́tìnnì rẹ̀ nígbà tí aago mẹ́jọ lù gẹ́lẹ́, àwòrán yóò máa gbọ̀n, yóò máa já, títí eré àgbá yẹn yóò fi dọ́gba. Nítorí náà, wọ́n ní láti tẹ̀ ẹ́ ní ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan ṣáájú, kí ó ti fara balẹ̀ kí wọ́n tó gbé e sí afẹ́fẹ́. Ọkùnrin kan á jókòó, á tẹjú mọ́ ọwọ́ aago, á máa kà á sẹ́yìn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí ọ̀rọ̀ yìí, pé ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́jọ kì í bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́jọ. Mo ṣì ń padà bọ̀ síbẹ̀.

Láti nǹkan bí ọdún 1967 ni wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í kọ nọ́ńbà sára tépù, tí àwòrán kọ̀ọ̀kan fi ní àdírẹ́sì tirẹ̀: wákàtí, ìṣẹ́jú, ìṣẹ́jú-àáyá àti ipò àwòrán náà nínú ìṣẹ́jú-àáyá yẹn. Lọ́dọ̀ wa ní Nàìjíríà, àwòrán 25 ni ó ń kọjá ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ìṣirò wa sì tẹ́jú. Ti àwọn ará Amẹ́ríkà ni ó wọ́. Nígbà tí wọ́n fi àwọ̀ kún tẹlifíṣọ̀n wọn ní ọdún 1953, àwòrán 30 wọn dín díẹ̀, ó di 29.97, bí ẹ bá sì kà á bí 30, ẹ ó fi ìṣẹ́jú-àáyá 3.6 pàdánù nínú wákàtí kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ní láti máa fo nọ́ńbà 108 láàárín wákàtí kan kí kíkà wọn tó bá aago ara ògiri mu. Ẹni tí kò mọ̀ yóò rò pé ẹ̀rọ ń ya wèrè. Ẹ̀rọ tí ń fi ọwọ́ irin mú kásẹ́ẹ̀tì ìpolówó ọjà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan wá jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970. Ti RCA ń gba kásẹ́ẹ̀tì 22 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bẹ́ẹ̀ ni ọwọ́ ènìyàn ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kúrò nídìí iṣẹ́ náà.

Kí á wá bọ̀ sílé. Ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959 ni WNTV bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn, lábẹ́ ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Gbogbo wa ni a mọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń yangàn, pé àwọn ni àkọ́kọ́ ní Áfíríkà. Èmi náà máa ń fi yangàn, ṣùgbọ́n òtítọ́ ni pé tẹlifíṣọ̀n ti wà ní Morocco ní ọdún 1954. Kí á kúkú sọ pé nínú àwọn orílẹ̀-èdè aláwọ̀ dúdú, kò sí ẹni tó ṣáájú Ìbàdàn, ògo yẹn tó wa. Enugu bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1960, Kaduna ní ọdún 1962. Jos tiwa ní BPTV ní ọdún 1974, àwọ̀ mèremère ni wọ́n sì fi bẹ̀rẹ̀ nígbà tí àwọn ìlú ńlá ṣì ń wo dúdú àti funfun. Ní ọdún 1977 ni ìjọba àpapọ̀ pa gbogbo wọn pọ̀ di NTA. Ìròyìn aago mẹ́sàn-án alẹ́ NTA, tó ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1976, wá di aago fún ọ̀pọ̀ ilé. Bí orin rẹ̀ bá ti dún, ọmọ tí kò bá tíì wẹ̀ mọ̀ pé ọ̀ràn dé.

Nísinsìnyí mo fẹ́ sọ ìtàn tí ó jẹ́ ti Jos. Tépù àkọ́kọ́ wọ̀nyẹn wọ́n gan-an, a sì lè pa ohun tó wà nínú rẹ̀ rẹ́ kí á tún fi gba nǹkan mìíràn. Nítorí náà, ohun tí BBC àti àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn ń ṣe ni pé, bí eré bá ti jáde ní àkókò tí wọ́n dá fún un, iṣẹ́ rẹ̀ parí nìyẹn, wọ́n á pa á rẹ́. Èrò wọn ni pé eré tí aago rẹ̀ ti kọjá kò wúlò mọ́. Báyìí ni wọ́n ṣe pàdánù ọ̀pọ̀lọpọ̀ apá nínú eré Doctor Who tí wọ́n ṣe láàárín àwọn ọdún 1960. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó pa tépù rẹ́, wọ́n ti ṣe ẹ̀dà sí orí fíìmù mílímítà 16, wọ́n sì ń tà á fún àwọn ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n lókè òkun. Bí ìlú kan bá ti gbé e jáde tán, ó lè fi ránṣẹ́ sí ìlú tó kàn, bí ìgbà tí ìwé ń ti ọwọ́ dé ọwọ́. Ibi tí ìrìn fíìmù kan pin sí ni Jos. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2013, BBC kéde pé ọkùnrin kan tí ń wá fíìmù tó sọnù kiri, Philip Morris, ti rí apá mẹ́sàn-án tó ti sọnù nínú ìtàn méjì, The Enemy of the World àti The Web of Fear, ní ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kan ní ìlú Jos. Eré ọdún 1967 àti 1968 ni wọ́n. Ó ti lé ní ogójì ọdún tí wọ́n ti jáde. Ṣáájú ìgbà náà, apá 106 ni wọ́n ń wá. Lẹ́yìn ìkéde yẹn, ó ku 97. Àwọn tó ni eré pa tiwọn rẹ́. Orí pẹpẹ ní ìlú wa ni ẹ̀dà rẹ̀ wà tí eruku ń bò ó. Mi ò rò pé ẹnikẹ́ni ní Jos mọ̀ọ́mọ̀ tọ́jú rẹ̀. Wọn kò kàn jù ú nù ni, èyí náà sì tó.

Nígbà tó yá, aago wọ inú ilé oníkálukú. Ẹ̀rọ fídíò Philips N1500 ti ọdún 1972 ti ní aago tí a lè fi dá àkókò fún un láti gba ètò nígbà tí onílé kò sí nílé. Betamax ti Sony tẹ̀lé e ní ọdún 1975, VHS ní ọdún 1976. Akio Morita, ọ̀gá Sony, ní ohun tí òun ń tà kì í ṣe ẹ̀rọ lásán, pé àǹfààní láti sún àkókò síwájú ni. Àwọn oníṣẹ́ sinimá pè wọ́n lẹ́jọ́ ní Amẹ́ríkà, ẹjọ́ náà dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ, ní oṣù kìíní ọdún 1984 sì ni adájọ́ márùn-ún nínú mẹ́sàn-án sọ pé kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀ bí ènìyàn bá gba ètò sílẹ̀ láti wò ó nígbà tó bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn.

Lọ́dọ̀ tiwa, adájọ́ tó ga jù ni NEPA. A kò tíì yéé pè é bẹ́ẹ̀, bí wọ́n tilẹ̀ ti yí orúkọ náà padà láti ọdún 2005. Ẹ ó rántí bí ojú fídíò ṣe máa ń ṣẹ́jú nígbà tí iná bá dé: òdo, òdo, òdo, òdo. Aago inú rẹ̀ ti gbàgbé ohun gbogbo. Mi ò lè ka iye ènìyàn tó gbé fídíò wá sí ṣọ́ọ̀bù mi pé kò gba eré bọ́ọ̀lù tí àwọn dá àkókò fún, tó sì jẹ́ pé kò sí ohun tó ṣe ẹ̀rọ náà ju pé iná lọ, iná dé, aago rẹ̀ padà sí òdo. Mo máa ń sọ fún wọn pé ẹni tí kò mọ ìgbà tí ó wà kò lè mọ ìgbà tí yóò ṣe nǹkan. Ìṣòro yẹn náà ni mo tún ń bá pàdé lára ẹ̀rọ òde òní, àfi pé kò ṣẹ́jú mọ́ kí a lè rí i.

Láàárín àwọn ọdún 1990, tépù bẹ̀rẹ̀ sí í fi ipò sílẹ̀ fún fáìlì inú kọ̀ǹpútà. Ọdún 1999 ni TiVo jáde ní Amẹ́ríkà, tí ó ń gba ètò sínú dísíìkì dípò kásẹ́ẹ̀tì. Jos tún ni ìjọba ti kọ́kọ́ gbé tẹlifíṣọ̀n dígítà kalẹ̀ ní Nàìjíríà, ní ọjọ́ 30 oṣù kẹrin ọdún 2016. Ẹ̀rọ tí ẹgbẹ́ wa ń gbèrò láti rà, tí wọ́n ń pè ní mídíà pléyà, kò ju páálí ìṣáná méjì tàbí mẹ́ta lọ ní títóbi, ṣùgbọ́n gbogbo ìtàn tí mo ti sọ látẹ̀yìnwá ni ó wà nínú rẹ̀.

Bí ó ti ń ṣiṣẹ́ nìyí. Fídíò kì í wá láti ibi kankan ní àkókò tí yóò jáde. Ó ti wà nínú mẹ́mọ́rì ẹ̀rọ náà tẹ́lẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ fídíò, ìwé kékeré kan wà tó sọ pé fáìlì báyìí ni kí o gbé jáde, láti ọjọ́ báyìí dé ọjọ́ báyìí, ní ọjọ́ Àìkú nìkan tàbí lójoojúmọ́, láti aago báyìí dé aago báyìí. Bí ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan bá ti ń kọjá, ẹ̀rọ ń wo aago rẹ̀, ó ń wo ìwé náà, ó sì ń bi ara rẹ̀ pé, ǹjẹ́ ohun tó yẹ kó wà lójú ni ó wà lójú? Kò gbọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn baba wa náà ṣe irú ètò yìí láìsí ẹ̀rọ: ọjà tí a ń ná ní ọrọọrún, ọjà ìtàdógún, kò sí ẹni tó ń lu agogo kí ará oko tó mọ̀ pé ọjà kò lọ́la. Àfi pé àwa máa ń ka ọjọ́ tí a wà mọ́ ọn, tí ọrún wa fi ń di mẹ́rin lójú òyìnbó. Ẹni tó bá fẹ́ kọ ètò fún ẹ̀rọ ní láti fi èyí sọ́kàn, kí ó má baà ṣi ọjọ́ kan kà.

Gbogbo rẹ̀ wà lọ́wọ́ aago. Nínú ẹ̀rọ náà, òkúta kírísítálì kékeré kan ń gbọ̀n ní ìgbà 32,768 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Wọn kò ṣèèṣì yan iye yẹn: bí ẹ bá pín in sí méjì ní ìgbà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹyọ kan ni yóò kù, ẹyọ yẹn sì ni ìṣẹ́jú-àáyá kan. Òkúta olówó pọ́ọ́kú lè yẹ̀ ní ìwọ̀n ogún nínú mílíọ̀nù kan. Ó dà bí ohun tí kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìṣẹ́jú-àáyá méjì lójúmọ́, ó sì sún mọ́ ìṣẹ́jú kan lóṣù. Lọ́dún, ẹ̀rọ yín ti fi bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá ya ìlú sílẹ̀. Bátìrì pẹlẹbẹ kan ni ó ń jẹ́ kí òkúta yìí máa gbọ̀n nígbà tí iná kò sí. Àwọn ẹ̀rọ kan kò tilẹ̀ ní in. Kọ̀ǹpútà kékeré Raspberry Pi tó jáde ní ọdún 2012, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń ṣe pléyà, kò ní aago tó ń ṣiṣẹ́ bí iná bá lọ. Pi 5 ti ọdún 2023 ni ó ní in, a sì tún ní láti ra bátìrì rẹ̀ lọ́tọ̀. Ní Jámánì, ìyẹn lè má jẹ́ nǹkan kan. Níbí, tí iná lè lọ lẹ́ẹ̀mẹta kí ilẹ̀ tó ṣú, ó jẹ́ ọ̀rọ̀ ńlá.

Ohun tí àwọn ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ń gbẹ́kẹ̀lé ni íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà fi ń béèrè aago lọ́wọ́ ara wọn ti wà láti ọdún 1985, David Mills ni ó ṣe é ní Amẹ́ríkà. Ẹ̀rọ yín yóò béèrè lọ́wọ́ aago ńlá níbi tó jìnnà pé, aago mélòó ni ó lù? Nígbà tí èsì bá dé, ó mọ̀ pé àkókò ti lọ lójú ọ̀nà, yóò wọn iye tí lílọ àti bíbọ̀ gbà, yóò pín in sí méjì, yóò sì fi kún èsì náà. Ọgbọ́n náà wù mí. Ṣùgbọ́n òyìnbó kò fi aago Jos ránṣẹ́ sí ẹ̀rọ wa o. Aago Greenwich ni wọ́n fi ń ránṣẹ́, ẹ̀rọ ni yóò fi wákàtí kan kún un, nítorí pé láti ọjọ́ 1 oṣù kẹsàn-án ọdún 1919 ni Nàìjíríà ti fi wákàtí kan ṣáájú Greenwich. Bí ẹni tó tò ó bá fi ìlú rẹ̀ sí London, nǹkan yóò dára láti ìparí oṣù kẹta títí di ìparí oṣù kẹwàá, nítorí pé àwọn ará London máa ń sún aago wọn síwájú nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tiwọn. Bí ó bá di ìparí oṣù kẹwàá, ohun gbogbo yóò fi wákàtí kan pẹ́. Mo ti rí èyí ní gbọ̀ngàn kan ní ìlú yìí, wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé ẹ̀rọ náà sọ nù, wọ́n ní ó ti bàjẹ́.

Ẹ rántí ọkùnrin tó ń tẹ bọ́tìnnì ṣáájú aago. Pléyà náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Nínú fáìlì fídíò, kì í ṣe gbogbo àwòrán ni ó pé. Àwòrán kan lè pé, kí ọ̀pọ̀ tó tẹ̀lé e kàn máa sọ ohun tó yí padà: ọwọ́ onílù gbéra, gèlè mì, ògiri ẹ̀yìn wà bó ṣe wà. Báyìí ni fáìlì fi ń kéré. Nítorí náà, ẹ̀rọ ní láti ti ṣí fáìlì tó kàn, kí ó ti wá àwòrán tó pé, kí ó ti tú u sílẹ̀ sínú mẹ́mọ́rì rẹ̀, kí aago tó lù. Èyí tí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀ ni ojú rẹ̀ ń ṣú fírí láàárín fídíò kan àti èkejì.

Ohun mìíràn tí ẹ ní láti pinnu ni pé, bí fídíò tó wà lójú kò bá tíì parí nígbà tí aago òmíràn lù, ṣé kí ẹ̀rọ gé e, tàbí kí ó jẹ́ kó parí? Fún ìpolówó ọjà, ẹ gé e. Fún àwòrán Ìyálóde tó ń kí àwọn ènìyàn, bí ẹ bá gé e, ẹ ó gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ìyá wa. Ẹ tún ṣọ́ra fún ètò tó bá kọjá ọ̀gànjọ́, irú ti àìsùn. Bí ẹ bá kọ ọ́ pé láti aago 22 dé aago 2, àwọn ẹ̀rọ kan yóò máa wá nọ́ńbà tó ju 22 lọ tó tún kéré sí 2, wọn kò ní rí i láéláé, ojú yóò sì ṣú títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Ẹ pín in sí méjì níbi òru.

Bí iná bá lọ ní aago mẹ́rin kọjá ogún ìṣẹ́jú ńkọ́, tó sì dé ní aago márùn-ún? Àwọn ẹ̀rọ kan á bẹ̀rẹ̀ fídíò aago mẹ́rin láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn kan á wo aago, wọ́n á fò lọ sí ibi tó yẹ kí fídíò ti dé. Àwọn kan á dákẹ́ títí ètò tó kàn yóò fi tó. Kò sí èyí tó burú nínú wọn, ṣùgbọ́n kí ẹ béèrè kí ẹ tó sanwó. Mo sì máa gba ẹgbẹ́ níyànjú pé kí á fi bátìrì kékeré kan tì í, nítorí pé iná tó bá já lójijì nígbà tí ẹ̀rọ ń kọ̀wé sínú mẹ́mọ́rì lè ba káàdì náà jẹ́ pátápátá, jẹnẹrétọ̀ kì í sì í yára tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀rọ náà kọ́ ni ó wọ́n jù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Kí ni a fẹ́ fi sínú rẹ̀? Àwọn àjọ̀dún wa láti àárín àwọn ọdún 1980 wà lórí kásẹ́ẹ̀tì VHS, nínú àpótí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, lórí àjà, nínú ilé àwọn tó ti dolóògbé. Funai ti ilẹ̀ Japan, tó ṣe ẹ̀rọ VHS gbẹ̀yìn, dá iṣẹ́ náà dúró ní oṣù keje ọdún 2016. Èyí tó kù láyé ni ó kù. Mo ní méjì tó ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù mi, orí ọ̀kan ti ń gbó. Òtútù àti ọ̀rinrin òjò ìlú yìí ń mú kí kásẹ́ẹ̀tì hu ewú, bí ó bá sì ti hu ewú, gbogbo ìgbà tí a bá gbé e sínú ẹ̀rọ ni ó ń kú díẹ̀díẹ̀, tó tún ń ba orí ẹ̀rọ jẹ́. Mo ti rí àwọn ilé tí àwọn ọmọ fi kásẹ́ẹ̀tì àjọ̀dún gba sinimá Íńdíà lé e lórí. BBC tó lówó ṣe bẹ́ẹ̀, kí ni a fẹ́ sọ fún ọmọ ọdún mẹ́wàá?

Ìdí nìyí tí mo fi sọ ní ìpàdé, tí mo tún ń kọ ọ́ síbí, pé kí á kọ́kọ́ ná owó sórí sísọ kásẹ́ẹ̀tì di fáìlì, kí a tó ra tẹlifíṣọ̀n. Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ kò gbà, wọ́n ní tẹlifíṣọ̀n ni àlejò yóò rí. Mo gbọ́ wọn, ṣùgbọ́n òfìfo ni tẹlifíṣọ̀n yẹn yóò máa fi hàn wọ́n, ní àkókò tó péye. Ẹ má ṣe nù ú, ẹ má ṣe gbìyànjú láti gbé e wò nílé. Ẹ kọ orúkọ yín àti ọdún tí ẹ bá rántí sára páálí rẹ̀, ẹ mú un wá fún akọ̀wé ẹgbẹ́. A ó dá kásẹ́ẹ̀tì padà fún onílé lẹ́yìn tí a bá ti gbà á tán, a ó sì fi ẹ̀dà sí ibi mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Mọ́kàndínlógún ni ó ti dé ọwọ́ mi. Mẹ́rin nínú wọn kò ṣeé gbé jáde mọ́. Ọ̀kan, tí wọ́n kọ 1991 sí lára, ní ìjókòó àwọn àgbààgbà tó ń bu ọwọ́ lu ìwé ilẹ̀ tí gbọ̀ngàn wa dúró lé lórí lónìí. Àwòrán rẹ̀ ń já, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ mọ́ gaara, orúkọ olúkúlùkù tí wọ́n ń pè sì ṣeé gbọ́.